Ta Ló Máa Lọ Sọ́jà?

Ẹ pe kúùkù kan lórí fóònù ní Ìkẹjà, ẹ ní kó wá bá yín dáná nílé ní Sátidé, kí ẹ wá gbọ́ ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín. Kò ní bi yín ní aago tí ẹ fẹ́ kó dé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ̀yin lẹ máa ra nǹkan ọbẹ̀ sílẹ̀ ni, àbí kí n rà á bọ̀?" Bí ẹ bá ní kó rà á bọ̀, ìbéèrè á máa gorí ìbéèrè. Èèyàn mélòó ló máa jẹun? Ṣé kó ṣẹ́ kù di Mọ́ńdè? Gáàsì ńkọ́, ṣé ó wà nínú sílíńdà? Ìkòkò yín tó tóbi jù, ṣé ó lè gba kóńgò ìrẹsì mẹ́ta? Ṣé iná máa ń wà tí a lè fi lọ ata, àbí kí n ti ọjà lọ̀ ọ́ wá? Ta ni kì í jẹ ata nínú ilé? Ìgbà tó bá gbọ́ ìdáhùn gbogbo ìwọ̀nyí tán ló máa tó wá sọ pé, "Ó dáa, mà. Sátidé wo gan-an ni?"

Ẹ wá lọ ṣí ojúewé tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kàlẹ́ńdà ló máa kọ́kọ́ yọjú, tí wọ́n to aago mẹ́wàá, aago méjìlá àti aago méjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, ẹ sanwó, ó parí. Ojúewé bẹ́ẹ̀ bá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mu, torí pé orí nìkan ni oníbàárà ń gbé lọ síbẹ̀. Abẹ, ọṣẹ àti àga, onígbàjámọ̀ ló ni gbogbo rẹ̀. Kúùkù ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Kíṣìnì ẹlòmíràn ló ń wọ̀, ìkòkò ẹlòmíràn ló ń gbé kaná, owó ẹlòmíràn ló sì ń ná lọ́jà. Bí wọn kò bá tíì fẹnu kò lórí ẹni tó máa lọ sọ́jà, aago mẹ́wàá tí wọ́n tẹ̀ lórí fóònù kò já mọ́ nǹkan kan. Kúùkù á dé ní aago mẹ́wàá lóòótọ́, fíríìjì tó ṣófo ló sì máa bá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú wẹ́ẹ̀bù yìí pé kó gbé kàlẹ́ńdà tì ná. Kó lọ jókòó ti kúùkù tó ń dáhùn fóònù, kó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń béèrè wọn. Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí níbẹ̀.

Àdúgbò Allen Avenue ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tó ń wá kúùkù, ẹni tó mọ oúnjẹ sè àti ẹni tó lè kọ wẹ́ẹ̀bù ti ń fara gbún ara wọn lójoojúmọ́. Láyé ọdún 1980 sí 1999, fàájì òru làwọn èèyàn fi mọ Allen. Lónìí, báńkì, ṣọ́ọ̀bù fóònù àti ilé oúnjẹ ló kún ọ̀tún àti òsì títì náà. Òṣìṣẹ́ báńkì tó bá jáde níbẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó sì ń gbé ní Ìyànà Ìpájà, kò ní délé kó tún máa lọ ẹ̀gúsí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ oúnjẹ sè ń ti Agége, Ìjú àti Alágbàdo wá. Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà àti fóònù tó gbilẹ̀ láti òpópónà Ọ̀tígbà, kò jìnnà síbẹ̀. Paystack náà, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gbowó lórí wẹ́ẹ̀bù, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015, tí ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà rà ní 2020 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, GRA Ìkẹjà ni ọ́fíìsì wọn wà. Bí a ṣe ń gbowó lórí wẹ́ẹ̀bù kì í ṣe ìṣòro ládùúgbò yìí mọ́. Ohun tó yẹ ká béèrè kí á tó gbowó ni wọn kò tíì kọbi ara sí.

Àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri ti gbìyànjú ní Èkó, ojú wọn sì rí nǹkan. Jumia Food, tó ń jẹ́ HelloFood tẹ́lẹ̀, kógbá sílé ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2023, ní Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà mìíràn. Oṣù yẹn náà ni Bolt Food kúrò ní Nàìjíríà. Chowdeck tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ń bá iṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Oúnjẹ tó ti jinná ni wọ́n ń gbé jù. Eden Life, tí Nadayar Enegesi, Prosper Otemuyiwa àti Silm Momoh dá sílẹ̀ ní 2019, sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa díẹ̀, torí pé owó oṣooṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, fún oúnjẹ, aṣọ fífọ̀ àti ilé títọ́jú. Síbẹ̀, ìta ni wọ́n ti ń se oúnjẹ náà wá. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ lójú wẹ́ẹ̀bù tiwa ni pé: ṣé kí kúùkù wá sè é nílé yín, àbí kó sè é gbé wá? Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbé e wá kò nílò kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè gáàsì. Ẹni tó bá ní kí wọ́n wá sílé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ìbéèrè ọjà ló lójú jù, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Owó méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí: owó iṣẹ́ àti owó ọjà. Kúùkù mọ owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè kọ ọ́ sójú wẹ́ẹ̀bù kó wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Owó ọjà kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì, agbọ̀n tòmátì sì di ọ̀rọ̀ ńlá ní ọjà Mile 12 ní Èkó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ tó ń gbé ata bọ̀ láti Òkè Ọya náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà lórí iye ata ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojúewé tó bá kọ ẹ̀fọ́ rírò lítà mẹ́ta, tó lé iye kan ṣoṣo sí i, tó ti ka ẹran, epo àti tàtàsé mọ́ ọn, ó ń rẹ́ ẹnì kan jẹ. Bí ọjà bá wọ́n, kúùkù á dín ẹran kù tàbí kó fi owó ara rẹ̀ lé e. Bí ọjà bá rọ̀, oníbàárà ti san àsanjù.

Èmi ì bá ya owó méjèèjì sọ́tọ̀. Kí oníbàárà yan oúnjẹ, kí ojúewé to nǹkan ọbẹ̀ sílẹ̀ fún un ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń tà á lọ́jà: kóńgò, dérícà, píńtì, ìdì, agbọ̀n kékeré. Àwọn tó ń ṣe àdàkọ wẹ́ẹ̀bù òkèèrè fẹ́ràn kílò. Ẹ lọ bá ìyá aláta ní ọjà Ìpódò pé kílò kan ààbọ̀ tàtàsé lẹ fẹ́, kí ẹ wo bó ṣe máa wò yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá to nǹkan sílẹ̀ tán, kí oníbàárà mú ọ̀kan nínú méjì: "Èmi á rà á sílẹ̀" tàbí "Ẹ bá mi rà á." Bó bá mú èkejì, kí owó ọjà dé ọwọ́ kúùkù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pẹ̀lú iye tí kò gbọdọ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó pe oníbàárà. Kúùkù tó ń ti Agége bọ̀ máa fẹ́ gba ọjà ẹran Oko-Ọba kọjá láàárọ̀ kùtù, kò sì sẹ́ni tó máa ta ẹran fún un lórí pé wẹ́ẹ̀bù ní owó ń bọ̀ lọ́sàn-án.

Rìsíìtì? Ìyá aláta kì í kọ rìsíìtì. Fọ́tò ni kúùkù máa yà: ẹran lórí tábìlì, ìdì ṣọkọ méjì, ọ̀rá ẹja gbígbẹ, kó kọ iye sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó kọ ṣéńjì sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe é báyìí lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wá a lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà máa wá a títí láàárín àwòrán "Ẹ káàárọ̀" àti fídíò àdúrà. Kí wẹ́ẹ̀bù fún un ní àyè kan lábẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ká ní ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa bá mi ṣe nínú gbogbo èyí, èyí ni mo máa ní kí wọ́n ṣe, torí pé ibi tí ìjà kúùkù àti oníbàárà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: "Ẹran wo lẹ rà tó tó iye yìí?"

Aago wá kàn. Ojúewé máa ń béèrè aago tí kúùkù máa dé. Báwo ni oníbàárà ṣe máa mọ̀ ọ́n? Kí wọ́n bi í ní aago tó fẹ́ jẹun, kí wẹ́ẹ̀bù máa kà á padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Oúnjẹ ló ń sọ aago. Ẹni tó bá yan mọ́ínmọ́ín eléwé fún ọ̀sán, wọ́n á rẹ ẹ̀wà, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fọ ewé, wọ́n á pọ́n ọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gorí iná. Kúùkù tó bá dé ní aago méjìlá kò lè bá a. Ọbẹ̀ ata ṣeé sè sílẹ̀ lálẹ́ àná, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Iyán kò ṣeé gún de àlejò, ìgbà tí wọ́n bá ti ń fọwọ́ ni kó kúrò lójú odó. Nítorí náà, bí oníbàárà bá yan iyán pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín fún èèyàn ogún, kí ojúewé sọ fún un kó tó sanwó pé kúùkù máa mú ẹnì kan dání, iye tiẹ̀ sì nìyí. Ti òṣìṣẹ́ báńkì yàtọ̀. Òun kò fẹ́ jẹun lọ́jọ́ náà rárá, ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ló fẹ́ kó sínú fíríìsà. Bóyá fíríìsà rẹ̀ lè gba ike lítà méjì mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n bi í.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti ṣe pàtàkì gan-an ni kí wọ́n má ta Sátidé kan fún ẹni méjì. Ìṣòro yìí ti pẹ́. Lórí káàdì ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú American Airlines ti ń kọ àyè èrò sí tẹ́lẹ̀, kí àwọn àti IBM tó jọ ṣe SABRE, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Ohun tí wọ́n ń sá fún nígbà náà ni kúùkù Ìkẹjà ń sá fún lónìí: ẹni méjì tẹ ọjọ́ kan náà láàárín ìṣẹ́jú kan náà, ojúewé sọ fún àwọn méjèèjì pé àyè wà, àwọn méjèèjì sì sanwó. Kí ibi tí wọ́n ń kó dátà pa mọ́ sí fúnra rẹ̀ má gba orúkọ kejì. Kí wọ́n má fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ojúewé tí oníbàárà ń wò, torí pé ojúewé yẹn lè ti wà ní ṣíṣí láti àárọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ ọjọ́, kí wọ́n bá a dì í mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó fi sanwó. Bí kò bá san, kí ọjọ́ náà bọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àyè tún gbọ́dọ̀ wà láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn. Láti June 2022 ni ọ̀kadà kò ti gbọdọ̀ rìn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó ń ti Àgbàdo gba Ìjú, Agége àti Ìkẹjà lọ sí Oyingbo, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó sì ti mú ìrìn rọrùn fún ẹni tó bá mọ aago rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń kọjá. Ẹni tó jáde ní Ògbà ní aago kan kò lè wà ní Allen ní aago kan ààbọ̀ pẹ̀lú àpò ọ̀bẹ àti kúlà lọ́wọ́. Wẹ́ẹ̀bù tó to iṣẹ́ méjì tẹ̀ léra báyẹn, ẹni tó kọ ọ́ kò dúró rí ní oríta Allen nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Àwọn ọjọ́ kan tún wà tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde Túsìdé àti Wẹ́sìdé, ọjọ́ 9 àti 10 oṣù Kẹrin, fún ìsinmi Ìtúnu Àwẹ̀. Wọn kò rí oṣù lálẹ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ Wẹ́sìdé la kírun Ìtúnu, ìjọba sì fi Tọ́sìdé kún un. Ẹni tó ti búùkù kúùkù fún Túsìdé lórí wẹ́ẹ̀bù, ààwẹ̀ ló ń gbà lọ́jọ́ náà. Kúùkù kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún òun. Lórí fóònù, "Ìtúnu" ni wọ́n máa ń sọ, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé ó lè sún. Ìsọmọlórúkọ náà ńkọ́? Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọmọ ni, ọmọ kò sì tíì dé. Kí ojúewé gbà kí èèyàn dá ọjọ́ ní orúkọ ayẹyẹ, kó san àsansílẹ̀ díẹ̀, kí kúùkù sì mọ̀ pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan báyìí ni ìkókó lè dé. Ẹ ò ní rí bọ́tìnì yìí lára wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n rà ní ṣíṣe láti ìlú òyìnbó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n rí kọ́ lára òyìnbó, kò sì tuntun. J. Lyons, tó ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tíì káàkiri ìlú London, ló ṣe LEO, kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ okòwò ní 1951. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó ń ta tíì àti kéèkì ni. Nígbà tó di 1954, wọ́n ń fi í ṣètò oúnjẹ tó ń lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù náà lójoojúmọ́. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní ohun tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó o kàn máa sọ ohun tó fẹ́ yí padà lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí fún oníbàárà tó ń gba kúùkù lọ́sẹ̀ méjì méjì: ẹ má tún bi í léèrè sílíńdà àti ìkòkò. Ẹ gbé ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn síwájú rẹ̀, kó yọ ẹ̀gúsí kúrò, kó fi ilá sí i, kó tẹ "Ó dáa." Àwọn onílé yìí ló ń fún kúùkù lówó tó ṣeé gbójú lé.

Lórí owó, n kò ní pẹ́. Tiráńsífà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn, láti ìgbà ọ̀wọ́n owó náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 pàápàá, àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú sì wọ́pọ̀. Kí wẹ́ẹ̀bù fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáǹtì tó wà fún ìsanwó yẹn nìkan, kí iṣẹ́ sì fìdí múlẹ̀ nígbà tí owó bá wọlé, kó má jẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá fi fọ́tò àlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Bí oníbàárà bá fẹ́ fagi lé iṣẹ́ náà, abala 120 nínú òfin àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ohun tó ti dá ọjọ́ sí, kó sì san owó ìfagilé tó mọ níwọ̀n. Nítorí náà, "a kì í dá owó padà" tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sí ìsàlẹ̀ ojúewé kò bófin mu. Owó ọjà tí kúùkù ti ná ṣeé yọ. Èyí tí kò tíì ná, kó dá a padà. Bí wọ́n bá ti ya owó méjèèjì sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kò le.

Àlejò ni kúùkù nínú ilé onílé, obìnrin sì ni púpọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ̀bù ló ń bi í ní nọ́ńbà NIN rẹ̀ àti ẹni tó máa dúró fún un. Ta ló ń bi oníbàárà? Kí kúùkù lè rí orúkọ ẹni tó ń pè é, iye èèyàn tó máa wà nílé, àti ohun tí àwọn kúùkù tó ti lọ síbẹ̀ sọ, kó sì lè kọ iṣẹ́ náà láìsan ìtanràn. Àdírẹ́sì nìkan kò tó. "Gbémisọ́lá, ẹ kọjá Kalakuta, géètì dúdú" ni yóò mú un débẹ̀, kí àyè wà fún irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá sì kọ ọ́ pé bàbá ilé ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, òfin tó ń dáàbò bo dátà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní June 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera sí àṣírí pàtàkì. Kúùkù ọjọ́ náà nìkan ló yẹ kó rí i.

Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun tún wà, oníbàárà gidi ni wọ́n. Ọmọ wà ní Houston, ìyá wà ní ẹ̀yìn Allen, ọmọ fẹ́ kí kúùkù máa lọ bá màmá dáná lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ojúewé tó wọ́pọ̀ ní àyè fún orúkọ kan àti nọ́ńbà fóònù kan. Ọmọ á kọ tirẹ̀, torí pé òun ló ń sanwó. Nígbà tí kúùkù bá dé ẹnu géètì ní aago mẹ́jọ àárọ̀, Houston ni ìpè rẹ̀ máa lọ, níbi tó ti jẹ́ aago méjì òru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago kan nígbà òtútù. Ọmọ ń sùn, géètì wà ní títì. Orúkọ méjì àti nọ́ńbà méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀: ẹni tó ń san, ẹni tó ń jẹ. Aago Èkó ni kí wọ́n kọ síwájú àwọn méjèèjì, kí aago Houston wà lábẹ́ rẹ̀ fún ọmọ. Màmá ló máa sọ pé òun kò jẹ ẹja tútù lọ́sẹ̀ yìí, ẹja gbígbẹ ni kí wọ́n mú wá. Ẹ jẹ́ kó lè yí i padà látorí fóònù rẹ̀, tàbí kó sọ ọ́ sí etí kúùkù kí kúùkù bá a yí i. Ẹ má sì jẹ́ kí iye owó hàn lójú ewé ti màmá. Bó bá rí i, á ní kí kúùkù máa padà lọ sí Agége, pé òun ṣì lè ro ọkà fúnra òun.